Ẹranko Abìyẹ́ tí Clem Tò fún Norris

Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọkùnrin tó ń to ère ọmọ ogun kékeré, kó kọ́kọ́ wá bi mí léèrè. Ojú mi ti rí nǹkan. Ọkọ mi, Clement Attenborrow, tí gbogbo àdúgbò wa, Sneinton, ń pè ní Clem, kì í mutí yó, kì í lé obìnrin kiri, kò sì fi ìbínú fọwọ́ kàn mí rí. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, èèyàn ò lè kàn ṣàdédé fìdí lé àga. Ọ̀kọ̀ ọmọ ogun kan tí kò gùn ju eyín kọ́ọ̀mù lọ ti gún mi níbi tí mi ò lè fi han dókítà. Ẹ sì mọ ohun tí ọkọ mi kọ́kọ́ bi mí? Ó ní ṣé ọ̀kọ̀ náà ò kán ṣá.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, iléeṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ tuntun fún pé kó fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fa ìlà wúrà sí i lára, ọwọ́ lásán, kò lo rúlà. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà kógbá sílé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan lọ ń wa bọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn jókòó sílé, wọ́n ń bú ìjọba. Clem kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wálé, ó gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá ẹ̀yìn, ó ní òun á máa bá àwọn tó ń fi ère kékeré jagun lórí tábìlì to ọmọ ogun wọn. Mo ní, "Àgbàlagbà, ṣé eré ọmọdé lo fẹ́ máa fi jẹun?" Kò dá mi lóhùn. Èsì tó máa ń fún mi nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Résìn, irú ike kan, ni wọ́n fi ń ṣe àwọn ère náà. Bí omi ló ṣe máa ń rí níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á dà á sínú rọ́bà tí wọ́n ti gbẹ́ ojú, imú àti ìhámọ́ra sí nínú, tó bá le tán, wọ́n á fà á yọ. Orí á wà lọ́tọ̀, apá á wà lọ́tọ̀, idà á wà lọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀rá kékeré, ó di ọwọ́ ẹni tó bá rà á. Ibẹ̀ lẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló lówó tí wọ́n fi ń rà á, tí wọn ò ní sùúrù tí wọ́n máa fi tò ó. Wọ́n á ti Hucknall wá, wọ́n á ti Beeston wá, wọ́n á gbé ọ̀rá wọn lé orí tábìlì Clem, wọ́n á ní ó dọwọ́ ẹ̀.

Clem á fi ọ̀bẹ gé ohun tí kò yẹ kúrò. Inú omi ló ti ń fi sanpépà ha á, kí eruku rẹ̀ má baà fò, torí eruku yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Á lu ihò sí ọrùn, á lu ihò sí abẹ́ orí, á ki wáyà sáàárín méjèèjì kí ó tó fi gúlù lẹ̀ ẹ́, kí orí má baà já lójú ogun. Idà tó bá tẹ̀, á rì í sínú omi gbígbóná, á sì padà nà tàn-ìn. Kò sí èyí tó ń kánjú ṣe. Ère ńlá kan ṣoṣo, ó lè gbé e láti ìgbà ọjà Gúúsì inú oṣù Kẹwàá títí di Ọdún Àjíǹde. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á ní ohun tí a bá rọra mú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣe ìkankan nínú ìwọ̀nyí, fífọ̀ ni. Òróró ni wọ́n máa ń fi pa inú rọ́bà yẹn kí résìn lè yọ, òróró náà á sì lẹ̀ mọ́ ère, ojú ò ní rí i. Ọ̀dà kì í di ara olóròóró mú. Ó lè dúró fún ìgbà díẹ̀, kó máa dán, kó máa tanni jẹ, ọjọ́ kan báyìí á bó. Nítorí náà ni Clem ṣe sọ bàsíà ìfọbọ́ mi di tiẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ olómi, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, á máa fọ ẹsẹ̀ ọmọ ogun bí ìyá ọlọ́mọ. Tí ọ̀dà ẹnikẹ́ni bá bó nínú ẹgbẹ́ wọn, Clem kì í bú u. Á kàn wò ó lójú, á ní, "Ṣé o fọ̀ ọ́?" Olúwarẹ̀ á wo ilẹ̀.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ni ẹgbẹ́ náà ti ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Àwọn àgbà ọkùnrin tó nírùngbọ̀n funfun, wọ́n á tẹ́ aṣọ aláwọ̀ koríko sórí tábìlì, wọ́n á to òkè àti odò lé e, wọ́n á bọwọ́ kí wọ́n tó jà, wọ́n á bọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá jà tán. Ẹni tó máa ń dojú kọ Clem ni Norris Widdowson. Norris ti pín lẹ́tà láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò wa títí tó fi fẹ̀yìn tì, ajá gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Ẹnu ẹ̀ mú, ó sì mọ èèyàn í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á jà lórí ìwọ̀n tí kò tó fífẹ̀ èékánná, ẹ máa rò pé ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Wọ́n á ju dáìsì, wọ́n á bú dáìsì, wọ́n á mu tíì tí mò ń lọ pò fún wọn níbẹ̀, wọ́n á jẹ bisikíìtì mi.

Kò sí ohun tí àwọn méjèèjì kì í sọ, àfi ohun tó bá kan wọn gan-an. Nígbà tí ìyàwó Norris kú, ó wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, ó jókòó sáyè rẹ̀. Clem wò ó, ó ní, "Ìwọ ni kó kọ́kọ́ ju dáìsì lónìí." Ìbánikẹ́dùn tó ṣe nìyẹn, látòkèdélẹ̀. Mo délé, mo da ọ̀rọ̀ bò ó. Mo ní ṣé òkúta ni yín ni? Ó ní Norris gbọ́ ohun tí òun sọ.

Ọdún yẹn náà ni Norris ra ère ẹranko abìyẹ́ kan tí wọn ò tíì tò, páálí tó tó tẹ́lifíṣọ̀n kékeré. Ẹranko onírù gígùn, obìnrin jagunjagun gùn ún lẹ́yìn. Kò ṣí i. Ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń wò ó. Gbogbo wọn ló ní irú páálí bẹ́ẹ̀ nílé, tí wọ́n rà fún ọjọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ọwọ́ ò sì ní dilẹ̀. Òfin kan sì wà láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: ẹnìkan kì í ṣí páálí tí ẹlòmíràn gbé pamọ́ nígbà tí ẹni tó ni ín bá wà láàyè. Ìgbà tí wọ́n bá sin ọ̀kan nínú wọn tán ni àwọn yòókù máa ń lọ kó páálí rẹ̀, wọ́n á pín in tò, wọ́n á gbé e jagun lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá kó o fún àwọn ọmọ olóògbé.

Ní ìgbà ọjà Gúúsì, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wa lọ́sàn-án. Mo ṣí i, Norris ni, páálí náà ló gbé há abíyá. Kóòtù tó wọ̀ ti fẹ̀ jù ú, bí ẹni yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Avis, pẹ́pẹ́yẹ mi," bí a ṣe ń pe ara wa níbí, "òórùn ẹ̀wà ẹ ló fà mí wá." Mo bu ẹ̀wà aláwọ̀ ewé tí a máa ń sè nígbà ọjà náà fún un, pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé míńtì. Ṣíbí kan ló jẹ. Clem jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó rí páálí, ó tẹjú mọ́ páálí náà, kò wo ojú ẹni tó gbé e.

Norris ní, "Bá mi tò ó. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Má kánjú o, tí òtútù bá lọ ni mo fẹ́ fi nà ẹ́."

Clem ní, "Kò séwu. Tí òtútù bá lọ."

Gbogbo wa la mọ̀. Lorna, ọmọbìnrin Norris, ti bá mi sọ ọ́ ní ìsọ̀ ẹlẹ́ran. Jẹjẹrẹ ni, ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀, dókítà ò rò pé yóò rí Kérésìmesì. Ó ní òun ò mọ èyí tí bàbá òun mọ̀ nínú ẹ̀, òun ò sì lè bi í, kí á jọ̀ọ́ kí á má sọ ohun tó máa bà á lọ́kàn jẹ́. Bí Norris ṣe jáde lọ́jọ́ náà, mo sọ fún Clem pé ọkùnrin yìí ti wá dágbére. Clem ní iṣẹ́ ló gbé wá. Mo ní, "Clem, ẹ̀yin méjèèjì ti dàgbà. Lọ bá a, kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀." Ó ní kì í ṣe irú nǹkan tí àwọn máa ń ṣe nìyẹn. Mo rí i pé ohun kan ṣoṣo ló gbà á lọ́kàn: kí Norris rí ẹranko náà lórí ìdúró kí ojú rẹ̀ tó dí, kó má sì fura pé ẹnikẹ́ni kánjú nítorí òun.

Ẹ̀yin èèyàn, Clem tí mo mọ̀ yí padà. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ló ti ń jókòó ti fèrèsé. Mo gbọ́ bó ṣe ya páálí, fàà, ó dùn mí láti gbọ́ ọ. Ìyẹ́ náà wá ní ègé ègé, eyín wá lọ́kọ̀ọ̀kan, irun obìnrin ẹ̀yìn rẹ̀ wá ní ìdì méjì. Ó ń gé, ó ń lu ihò, ó ń lẹ̀ ẹ́. Tíì tí mo bá gbé fún un á tutù síbẹ̀. Mo ní ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, àbí òwe tìẹ ti kú? Ó ní, "Avis, jọ̀ọ́." Ohùn tó fi sọ ọ́ ni mi ò gbọ́ rí, mo bá padà sẹ́yìn.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé Norris lọ sí ilé ìtọ́jú tí wọ́n ń gbé ẹni tí oògùn ò ràn mọ́ lọ. Lorna fóònù, ó ní bàbá òun ò jẹun mọ́. Clem gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ mú ọ̀dà pupa. Nígbà tó fi ọ̀dà pupa náà kùn ún tán, ó fa ìlà wúrà sí etí ìyẹ́ méjèèjì, irú èyí tó máa ń fà sára kẹ̀kẹ́ láyé ọjọ́un. Èmi tí mo kórìíra wọn yìí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè lọ. Ó rẹwà. Mo sọ fún un pé ó rẹwà, ó sì mi orí.

A wọ bọ́ọ̀sì lọ. Inú páálí bàtà ni ẹranko náà wà, fóòmù yí i ká, Clem gbé e lé itan bí ẹni gbé ẹyin. Ó ti kọ́ ohun tó máa sọ níwájú díńgí kí á tó kúrò nílé. Mo gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. Tí Norris bá bi í pé báwo ló ṣe yá tó bẹ́ẹ̀, á ní òjò ni kò jẹ́ kí òun jáde, pé òun ò rí nǹkan mìíràn ṣe. Ọkùnrin tí kò purọ́ rí, ó ń kọ́ irọ́ bí ọmọ iléèwé.

Norris wà lórí bẹ́ẹ̀dì nítòsí fèrèsé, ara rẹ̀ ti tín-ín-rín lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Clem ṣí páálí, ojú rẹ̀ là. Ó ní kí n bá òun wọ awò ojú òun. Ó wò ó títí. Ó ní, "Eyín ẹ̀ dáa ju tèmi lọ." A rẹ́rìn-ín. Clem sọ ọ̀rọ̀ òjò rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pàápàá. Norris ní òjò ti rọ̀ lóòótọ́. Ó gbé ẹranko náà lé àyà, ó ń fi àtàǹpàkò pa ìyẹ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́, síwá sẹ́yìn.

Ọ̀dà náà bá bó. Ó ṣí kúrò lára ìyẹ́ ní awẹ́ kan, bí awọ tó máa ń di ojú mílíìkì gbígbóná, pẹ̀lú ìlà wúrà orí rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò Norris. Résìn aláwọ̀ eérú hàn lábẹ́ rẹ̀. Clem la ẹnu, ó fẹ́ sọ pé ọ̀dà náà ò dáa, ó pa á dé. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé bàsíà mi ò kúrò lórí ìṣó rẹ̀ láti ọjọ́ tí páálí yẹn ti wọlé.

Norris wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó wo Clem.

Ó ní, "O ò fọ̀ ọ́."

Clem tẹjú mọ́ ibi tó bó.

"Ìwọ, Clem. O ò fọ̀ ọ́." Kì í ṣe ẹ̀sùn, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ṣé mo ti sún mọ́lé tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo fẹ́ dá sí i. Lorna ti bẹ̀ wá, mo fẹ́ sọ pé rárá o, kí ló dé tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Clem fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Norris. O ti sún mọ́lé." Ó bá bú sẹ́kún. Ọkọ mi tí kò sunkún nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, èjìká rẹ̀ ń mì.

Norris fi ọwọ́ tí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ di apá súwẹ́tà rẹ̀ mú. Ó ní, "O ṣé. Ó ti rẹ̀ mí. Lorna á wọlé, màá rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì á wọlé, màá ní tí òtútù bá lọ. Èmi tí mò ń kú ni mo wá ń tu gbogbo yín nínú."

Ìtìjú bò mí. Clem gbójú sókè, ó ní, "Mi ò mọ ẹni tí màá dojú kọ ní Sátidé." Ohun tí mo ti ń retí kó sọ jáde lẹ́nu láti ọdún gbọ́rọ́ nìyẹn, kì í sì í ṣe èmi ló sọ ọ́ fún. Mi ò jowú. Norris ní, "Ẹ̀rù ń bà mí." Clem ní, "Èmi náà." Mo dìde, mo lọ dúró ní kọ́rídọ̀ láti fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ní ṣé kí òun po tíì fún mi, mo ní kó jọ̀ọ́.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni Clem ń lọ. Kò gbé ẹranko náà lọ mọ́, ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù nílé ló fi í sí. Wọ́n sọ̀rọ̀. Norris sọ orin tí kò gbọ́dọ̀ dún níbi ìsìnkú òun, ó ní pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn kì í rí ohùn orin ọ̀hún mú. Ó sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó ní ọjọ́ Sátidé ọjọ́sí, tí Clem ní kí òun kọ́kọ́ ju dáìsì, òun gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n òun ì bá fẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́nu. Ó pe Lorna náà, ó sọ fún un pé òun mọ̀, ọmọ náà sì gun orí bẹ́ẹ̀dì tọ bàbá rẹ̀ bí ìgbà tó wà ní kékeré, wọ́n jọ sunkún. Lorna wá bá mi nílé lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní, "Àǹtí Avis, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ yín." Mo ní màá jíṣẹ́.

Norris kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bo òrùlé. Clem wà níbẹ̀, Lorna wà níbẹ̀. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ó ṣe ọkọ mi bẹ́ẹ̀, ó padà lọ jókòó ti fèrèsé yàrá ẹ̀yìn, mo sì rò pé a ti padà síbi tí a wà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kan lẹ́yìn ìsìnkú, mo wọ kíṣìnnì, mo bá a nídìí síǹkì. Ẹranko náà wà nínú bàsíà mi, ó ti bó gbogbo ọ̀dà rẹ̀ kúrò, ó di aláwọ̀ eérú, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Mo fọwọ́ kan omi náà, ó ti tutù. Mo fẹ́ bá a jà nítorí bàsíà, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ó ní, "Avis, ká ní mo fọ̀ ọ́ ni, ǹ bá gbé e fún un, à bá rẹ́rìn-ín, ǹ bá wọ bọ́ọ̀sì padà wálé. Kò ní sí nǹkan kan mọ́. Á kú, mi ò ní sọ nǹkan kan fún un."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó yíjú sí mi, ọwọ́ rẹ̀ ń kán omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí ni mi ò tíì sọ fún ẹ?"

Ọdún tí mo ti bá ọkùnrin yìí gbé kì í ṣe kékeré, mo sì ti kó ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá a rò jọ títí mo fi gbàgbé òmíràn nínú wọn. Mo gbé gbogbo rẹ̀ tì. Mo pa iná ìdáná, mo fa àga, mo jókòó. Mo ní, "Mò ń gbọ́."